Tó bá wù yín láti máa fi ọmọlangidi dẹ́rìn-ín pa èèyàn lórí tẹlifíṣàn

Ẹ má tíì lọ ra ọmọlangidi olówó ńlá o. Ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan tó gùn dáadáa ti tó, ẹ rán bọ́tìnnì méjì mọ́ ọn bí ojú, ó parí. Jim Henson fúnra ẹ̀, ará Amẹ́ríkà tó dá àwọn ọmọlangidi tí wọ́n ń pè ní Muppets sílẹ̀, kóòtù àtijọ́ ìyá ẹ̀ ló gé tó fi rán Kermit, ọ̀pọ̀lọ́ tó lókìkí jù nínú wọn, ti àkọ́kọ́ ní 1955, bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì orí tábìlì tó là sí méjì ló sì fi ṣe ojú ẹ̀, torí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé irinṣẹ́ ló dá òun dúró.

Ọwọ́ niṣẹ́ wà. Ẹ ki ọwọ́ bọ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, ìka mẹ́rin lókè, àtàǹpàkò nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá dúró síwájú dígí kẹ́ ẹ ní "Mo ti dé." Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ìka òkè ló máa ń gbé sókè ṣáá, orí ọmọlangidi á wá máa fì sẹ́yìn bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Àtàǹpàkò ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ sílẹ̀, kí ìka òkè dúró jẹ́ẹ́. Tẹ́ ẹ bá pe "mo", ẹ ṣí ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ pa á dé, "ti", ẹ ṣí i díẹ̀ kẹ́ ẹ pa á dé, "dé", ẹ ṣí i gbàgà. Tẹ́ ẹ bá ń pa ẹnu ẹ̀ dé lásìkò tó yẹ kó ṣí, ọ̀rọ̀ ló ń bù jẹ yẹn, kì í ṣe pé ó ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ojú, èmi tiẹ̀ rò pé ó ju ẹnu lọ. Tí apá bá ti wà lókè, ojú ọmọlangidi á fẹ́ máa wo àjà, àfi kẹ́ ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ síwájú kó lè wo kámẹ́rà tàbí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ lẹ̀rín ti ń wá ṣẹ́ ẹ rí i, ẹnì kan bú u, kò fèsì, ó kàn rọra yíjú sí kámẹ́rà, ó dúró, ó wá padà yíjú sí ẹni tó bú u. Ohùn ńkọ́? Ẹ wá èyí tẹ́ ẹ lè fi sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ tí ọ̀fun ò ní dùn yín, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá wá di ti tẹlifíṣàn gan-an, abẹ́ ibi tí kámẹ́rà ń yà lẹ ó wà, ẹ ò ní rí ọmọlangidi yín rárá, móńítọ̀, ìyẹn tẹlifíṣàn tó ń fi ohun tí kámẹ́rà ń yà hàn, lẹ ó máa wò, móńítọ̀ ò sì dà bíi dígí, tẹ́ ẹ bá lọ sí ọ̀tún, tiẹ̀ á lọ sí òsì. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹnu ẹ̀ dáadáa, ẹ pa dígí tì, ẹ so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣàn kẹ́ ẹ máa fìyẹn kọ́ ọ. Caroll Spinney tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Big Bird, ẹyẹ ńlá inú ètò àwọn ọmọdé Sesame Street, ní 1969, inú ẹyẹ yẹn ló máa ń wà tó na ọwọ́ ọ̀tún sókè orí, tẹlifíṣàn kékeré kan ni wọ́n so mọ́ ọn láyà kó lè mọ ibi tó ń lọ, ó sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún kó tó fẹ̀yìn tì ní 2018. Ejìká ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọ̀lẹ.

Ẹ má retí pé wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣe orí ọmọlangidi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ọmọlangidi kan wà tí ọwọ́ èèyàn gan-an ń bẹ nínú ọwọ́ wọn, ẹni tó ń ṣe orí lá ṣe ọwọ́ òsì, ẹlòmíì á wá ṣe ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún yẹn tayọ̀tayọ̀ jàre. Frank Oz, tó bá Henson ṣiṣẹ́, náà ṣe ọwọ́ ọ̀tún Rowlf, ọmọlangidi ajá, fún un kó tó di pé òun náà ń ṣe Miss Piggy, ẹlẹ́dẹ̀ tó lókìkí yẹn.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn ló kù. Iléeṣẹ́ ló sábà máa ń ni ọmọlangidi, ohùn tẹ́ ẹ fún un náà sì lè di tiwọn. Lẹ́yìn tí Henson kú ní 1990, Steve Whitmire ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Kermit, ní 2017 ó tún bọ́ sọ́wọ́ Matt Vogel. Kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ béèrè ẹni tó máa ni ín, tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ti dá a sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ní fídíò ẹ̀ tó ní déètì lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí lọ́yà bá yín ka ìwé àdéhùn náà.