Bí A Ṣe Ń Yan Ẹnu Kílárínẹ́ẹ̀tì fún Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ

Bí kílárínẹ́ẹ̀tì bá ń ké bíi pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìn tí ọmọ ti ń fọn ọ́n fún oṣù mélòó kan, ẹ má tíì bá ọmọ wí. Ẹ kọ́kọ́ yọ ẹnu fèrè náà, ìyẹn ibi tí ọmọ ń fi sẹ́nu, tí ríìdì (pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n tí a bá fẹ́ èémí sí i) ń gbé, kí ẹ wò ó dáadáa. Ibẹ̀ ni èémí ti ń di ohùn. Fèrè olówó gọbọi tí ẹnu rẹ̀ kò dáa kò ní dùn, àmọ́ fèrè pọ́ọ́kú tí ẹnu rẹ̀ dáa lè dùn létí. Tí owó ọwọ́ yín kò bá pọ̀, ẹnu fèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó bá fèrè wá nínú àpótí rẹ̀. Ẹ rọra fi ìka ra ṣóńṣó rẹ̀. Tó bá ti kán níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ gbé e sọnù, kò sí àtúnṣe ilé fún un. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀: etí méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ de ríìdì tó ti rin mọ́ ọn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa, ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ wá yọ ọ́ lẹ́nu. Ríìdì yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́ díẹ̀, kó tó tú pẹ̀lú ìró “pọ́!”. Tí kò bá lẹ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Ẹ fi ríìdì mìíràn dán an wò o, torí ríìdì tó ti wọ́ náà lè fa irú rẹ̀.

Tó bá wá di dandan kí ẹ ra òmíràn, ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ jù ni àlàfo tó wà láàárín ṣóńṣó ríìdì àti ṣóńṣó ẹnu fèrè. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń lò fún kílárínẹ́ẹ̀tì B♭ sì wà láàárín nǹkan bí 1.00 sí 1.20. Tí àlàfo bá fẹ̀, ohùn lè tóbi, ó sì rọrùn láti tẹ̀ síbi téèyàn bá fẹ́, àmọ́ ó ń béèrè ète tó lágbára, èyí tí ọmọ kò tíì ní. Tó bá há jù, ohùn á fún, á sì tín-ín-rín. Àárín ni kí ẹ dúró sí fún ọmọ: 1.05 sí nǹkan bí 1.10. Yamaha 4C, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, jẹ́ 1.05. Vandoren 5RV Lyre jẹ́ 1.09, ó sì dáa fún ọmọ tó ti ń gòkè. B45 ti ilé iṣẹ́ kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.20. Ọ̀pọ̀ àgbà fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ èmi ò ní fún ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ọdún àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún jáàsì sábà máa ń fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà ara rẹ̀ tàn yín. “4” ti ilé iṣẹ́ kan àti “5” ti òmíràn kì í ṣe orí ìwọ̀n kan náà.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe é, ike tí wọ́n gbẹ́ dáadáa tó ọmọ lò fún ìbẹ̀rẹ̀. Rọ́bà líle ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ti mọ̀ ọ́n fọn ń lò. Ti dígí wà, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ọwọ́ ọmọdé.

Ríìdì 2 tàbí 2½ (nọ́ńbà yìí ń sọ bó ṣe le tó) ni kí ẹ fi tì í lẹ́yìn. Àlàfo tó fẹ̀ máa ń fẹ́ ríìdì tó rọ̀, èyí tó há sì ń fẹ́ èyí tó le, nítorí náà ẹ má fi ríìdì kan ṣoṣo dá ẹnu fèrè lẹ́jọ́.

Ọjọ́ ìdánwò, ẹ mú fèrè ọmọ gan-an dání, kí ẹ sì rí i pé kọ́ọ̀kì ìdí ẹnu fèrè wọ inú bárẹ́ẹ̀lì, ìyẹn apá kúkúrú tó tẹ̀ lé e lára fèrè, láì mì, láì sì fi agídí wọlé. Kí ọmọ fọn ẹnu fèrè àti bárẹ́ẹ̀lì nìkan: ohùn tó jáde yẹ kó sún mọ́ F♯ orí dùùrù. Tó bá rẹlẹ̀ jìnnà síbẹ̀, bóyá ète rẹ̀ dẹ̀ jù tàbí ríìdì rọ̀ jù. Lẹ́yìn náà kó to fèrè pọ̀, kó fọn E ìsàlẹ̀ pátápátá, kó má ṣí ìka kankan, kó kàn fi àtàǹpàkò òsì tẹ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn. Ohùn gbọ́dọ̀ fò lọ sí B òkè láì lọ́ra. Kó tún fi ahọ́n gé ohùn kan náà wẹ́wẹ́, kó sì fọn òmíràn jẹ́jẹ́ títí èémí rẹ̀ fi tán.

Ọmọ ni kó fọn ọ́n o. Olùkọ́ tó ti fọn ọ́n fún ogún ọdún lè mú ohùn dídùn jáde lára ohunkóhun, ìyẹn kò sọ nǹkan kan fún yín. Méjì tàbí mẹ́ta ti tó láti dánwò níjọ́ kan, torí ète máa ń rẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ọmọ bó ṣe ń pààrọ̀ wọn, kí ẹ má mọ èyí tó wọ́n jù.

Tó bá ti délé, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná máa ń pa àwọ̀ rọ́bà líle dà, oòrùn náà sì ń ṣe é. Ẹ lẹ rọ́bà pẹlẹbẹ kékeré mọ́ orí rẹ̀, níbi tí eyín òkè ń gbé, kí eyín má baà gbẹ́ ihò síbẹ̀.