Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀yìn ríro tí sit-up fà
Oṣù 3 gbáko ni ẹ̀yìn fi dùn mí. Bí mo bá wọ mọ́tò láti Alágbàká dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ńṣe ni mo máa ń fọwọ́ di ìbàdí mú kí n tó lè sọ̀kalẹ̀. Mo lo oògùn ara ríro, mo fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, pàbó ló já sí.

Àṣé sit-up ni, eré ìdárayá tí èèyàn á dùbúlẹ̀, á sì ká ara dìde jókòó. 200 ni mò ń ṣe láràárọ̀ ní jíìmù, ẹnìkan á di ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe fisiotẹ́rápì (ìtọ́jú iṣan àti eegun) ló là mí lójú: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sit-up yẹn sílẹ̀ ná.” Ó ní bí mo ṣe ń ká ara dìde yẹn, mò ń tẹ àwọn àwo rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, bí wọ́n bá sì di ẹsẹ̀ mú, iṣan ìbàdí àti itan á máa fa ẹ̀yìn. Ọ̀rá ikùn tí mo tìtorí ẹ̀ ṣe é, sit-up kì í dá a yọ́!

Eré ìdárayá tí Stuart McGill, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣèwádìí nípa ẹ̀yìn ríro ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà, gbé kalẹ̀ ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo ká orúnkún kan, mo na ẹsẹ̀ kejì, mo ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìbàdí kí ẹ̀yìn má baà tẹ́ pẹrẹsẹ, mo wá gbé orí àti èjìká díẹ̀ péré, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10. (Tí ẹsẹ̀ yín bá ń kú, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ o.)

Ọ̀sẹ̀ 6 ló gbà. Lánàá mo wọkọ̀ lọ Ìdànrè, mo bọ́ sílẹ̀ láì di ohunkóhun mú.