Wọ́n Ní Hard Drive Mi Ti Kú, Àṣé Ebi Iná Ló Ń Pa Á

₦10,000 ni mo kọ́kọ́ sọ nù sínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń dùn mí títí di òní. Owó àyẹ̀wò ni oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà pè é. Ó gba hard drive, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, lọ́wọ́ mi, ó ní kí n padà wá lọ́túnla. Ọ̀túnla di ọjọ́ mọ́kànlá. Mo fi ẹ̀dọ̀ lórí òróǹro títí, ìgbà tí mo wá lọ kò ó lójú, ó ní òun ti tú u, òun ti wo inú rẹ̀, orí tó ń kà á ti bàjẹ́, hard drive ti kú. Ṣùgbọ́n òun lè jí i. ₦60,000.

Mo ní kó dá a padà fún mi. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Lẹ́bẹ́ẹ̀lì tó bo àwọn ìdè (síkúrúù) rẹ̀ ṣì wà digbí, kò sí ojú abẹ lára rẹ̀ rárá. Ẹni tó tú nǹkan láìjá lẹ́bẹ́ẹ̀lì! Ó kàn jẹ́ pé nígbà tó yá ni mo dúpẹ́ pé irọ́ ló pa. Nínú hard drive, orí tó ń kà á kì í fara kan àwo tó ń yí lábẹ́ rẹ̀, àlàfo àárín wọn sì kéré ju eruku lásán lọ. Ká ní ó tú u lóòótọ́ níbi ìsọ̀ ẹ̀bá títì yẹn, òun gan-an ni ì bá pa á.

Kí ló wà níbẹ̀ tí mo fi ń dààmú? Ní 2009, nígbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì, mo lọ bá màmá àgbà ní Ìsẹ́yìn, mo ní kí wọ́n sun ẹkún ìyàwó fún mi, mo sì gbà á sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Wọ́n ti papòdà láti 2012. Láptọ́ọ̀pù ìgbà náà dákẹ́, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbàgbé rẹ̀. Àfìgbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin kù sí dẹ̀dẹ̀ tí màmá wa pè mí: "Ohùn ìyá mi tó wà lọ́wọ́ ẹ dà?"

Mi ò ní fi bí wọ́n ṣe ń yọ hard drive kúrò nínú láptọ́ọ̀pù gba àkókò yín. Ìdè mélòó kan ni, ó tán. Ìgbà tí mo gbà á padà lọ́wọ́ oníṣẹ́, mo ra adápítà tó ń sọ SATA (ẹnu tí hard drive náà ní) di USB ní Computer Village n'Íkẹjà ní ₦4,500, mo dé ilé, mo tì í bọ ojú USB.

Iná tàn. Hard drive bẹ̀rẹ̀ sí í yí, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni ń mí. Ló bá di kà, kà, kà. Ó dákẹ́. Ó tún gbéra. Kà, kà, kà.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbọ́ kà-kà-kà yìí. Mo pààrọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo da sọ́fítíwìa oríṣiríṣi sí i, bí ẹni tó ń po àgbo fún ẹni tí ebi ń pa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó tiẹ̀ dúró bí ìṣẹ́jú kan, Windows ní òun gbọ́dọ̀ format rẹ̀ (kí ó tún un ṣe bíi tuntun, láìsí fáìlì kankan) kí n tó lè lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn. Kò rí ohun tó wà níbẹ̀ kà ni, kì í ṣe pé nǹkan kan kò sí níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ti ń bá ara mi sọ ọ́ pé bóyá òótọ́ ni oníṣẹ́ yẹn sọ. Mo ti gbé fóònù láti pè é. Ọlọ́run ló yọ mí, kò sí owó lórí láìnì.

Ní ọjọ́ kẹta, níbi tí mo ti ń fi ìbínú wo hard drive náà, ojú mi bọ́ sára lẹ́bẹ́ẹ̀lì tí mo ti fi ṣe ẹ̀rí irọ́ ẹlòmíì láìkà á fúnra mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: 5V, 1A. A yẹn ni ìwọ̀n iná tó ń fẹ́. Láptọ́ọ̀pù tí mo sì ń lò, USB 2.0 ni gbogbo ojú rẹ̀, ìdajì A, ìyẹn 0.5A, ni ojú kan ń fún nǹkan. Ìgbà tí hard drive bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ló ń jẹ iná jù. Ó dà bí kéèyàn gbé alágbàro lọ sóko kó sì fún un ní gàrí ìkúnwọ́ kan. Ó á kọ ebè méjì, ó á jókòó.

Apá tó ń tì mí lójú nìyí. Olórí méjì ni wáyà adápítà náà. Wọ́n fún un ní orí kejì kó lè gba iná láti ojú USB méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni mo fi rọ́bà dì í láti ọjọ́ tí mo rà á, mo rò pé wọ́n kàn fi kún un ni. Mo ti orí méjèèjì bọ̀ ọ́. Kò sí kà-kà-kà mọ́. Hard drive tí wọ́n fẹ́ gba ₦60,000 lé lórí ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bú ara mi. Ó dá mi lójú pé ohun tí oníṣẹ́ yẹn ṣe kò ju pé ó tì í bọ ojú USB kan, ó gbọ́ kà-kà-kà, ó sì fi ẹnu ṣe ìyókù. (Tí tiyín bá ń dún bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó ti rí iná tó tó, ẹ tètè yọ ọ́. Èyí yẹn ṣàìsàn lóòótọ́.)

Mi ò da fáìlì kankan kọ. Hard drive tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tú inú rẹ̀ kiri. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde lódindi ná, kí ẹ wá jókòó ti ẹ̀dà. Mo gbé Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sórí flash, mo yá hard drive external 500GB lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi fún ẹ̀dà náà, ojú USB mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún bámúbámú. Mo kọ lsblk láti mọ èwo ni èwo. sdb ni tèmi. Mo wá lo ddrescue, sọ́fítíwìa tó ń ṣe ẹ̀dà hard drive tó ń ṣàìsàn (-n ní kó má tíì jà pẹ̀lú ibi tó bá kọ̀):

ddrescue -d -n /dev/sdb mama.img mama.map

Fáìlì map yẹn ni ẹ má fojú di. Òun ló ń rántí ibi tí iṣẹ́ dé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n mú iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi kì í sì í pé wákàtí kan. Iná dé, mo tún àṣẹ kan náà kọ, ó gbéra níbi tó dúró sí. Láàárín bíi wákàtí méjì ààbọ̀, ó ti kó ohun tó lé ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún 160GB náà. Mo wá fi -r3 rọ́pò -n kó lè padà síbi tó kọ̀. Díẹ̀ tó kù yẹn gba ọ̀sán kan àti òru méjì.

TestDisk, sọ́fítíwìa tó ń wá ohun tó sọ nù, fi àwọn fóldà inú ẹ̀dà náà hàn mí, fọ́tò ilé ìwé àti iṣẹ́ àṣekágbá mi pé. Fóldà màmá àgbà nìkan ni kò ṣí. Ni mo bá lo PhotoRec, tí kì í wo orúkọ, ìrísí inú fáìlì ló fi ń dá a mọ̀. Ó rí mp3 tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, gbogbo wọn di f pẹ̀lú nọ́ńbà gbọọrọ. Mo fi òru kan gbọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan kí n tó rántí pé mo lè tò wọ́n bí wọ́n ṣe tóbi sí. Ìyẹn náà kò rọrùn. Ẹni tó bá mọ fújì mọ̀ pé orin kan lè gba odindi ojú kásẹ́ẹ̀tì. Fújì méje ló ṣíwájú, ìkẹjọ ni màmá àgbà ń wúkọ́, wọ́n ní kí n bu omi wá.

Ní ìṣẹ́jú kẹtàlélógún, ohùn wọn gé fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, níbi tí àwo ti kọ̀ tí ddrescue kò rí mú. Ìgbà tí mo gbé e sí i létí màmá wa, wọn ò mọ̀ pé ó gé. Wọ́n ti ń bá a sun ún láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n kàn ń bá tiwọn lọ ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, oníṣẹ́ yẹn pè mí. Ó ní òun ti rò ó, òun á gbà á ní ₦40,000. Mo ní kó fi owó àyẹ̀wò mi ránṣẹ́. Kò gbé ìpè mi mọ́.