Ọ̀sẹ̀ Márùn-ún Tí Mo Fi Dúró Kí Àwọn Ọ̀dọ́ Ìjọ Wa Tó Gbọ́ Nípa Òwò Ènìyàn

Inú ṣì ń bí mi sí àwọn pósítà tó wà ní igun yàrá mi. Ọjọ́ 8, oṣù Kejì ló wà lára gbogbo wọn, ọjọ́ náà sì ti lọ kí ètò wa tó wáyé. Àwọn ọ̀dọ́ ló dá owó tí a fi tẹ̀ wọ́n.

Èmi ni mo mú ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ ìrántí Josephine Bakhita ni, ọmọ Sudan tí wọ́n jí gbé ní kékeré, tí wọ́n tà láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, tó padà di sísítà Kátólíìkì, tí wọ́n sì kéde ní ẹni mímọ́ ní ọdún 2000. Gbígba yàrá àti pípe àwọn ọ̀dọ́ kò le rárá.

Ìgbìmọ̀ ìjọ ló dá wa dúró. Wọ́n ní àfi kí n mú ẹni tí wọ́n ti tà rí wá, kó dúró níwájú ìjọ, kó jẹ́rìí. Mo lọ bá arábìnrin kan tó ń tọ́jú irú wọn. Ó kọ̀ jálẹ̀. Mo padà lọ, ó tún kọ̀. Mo fi ìbínú bi í bóyá kò fẹ́ kí àwọn ọmọ wa là ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó tà á ṣì wà níta. Tí ẹnì kan bá ya fọ́tò rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí wọ́n ti tò síwájú oníbàárà rí, ṣé àwa náà tún fẹ́ gbé e síwájú èrò ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé. Mo kọ ọ́, wọ́n sún ìpàdé. Wọ́n tún un sún. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko! Ẹ̀mí ọmọ ènìyàn la sì ń sọ o.

Nígbà tí wọ́n gbà, Jẹ́nẹ́sísì 37 la fi bẹ̀rẹ̀: àwọn arákùnrin Jósẹ́fù gan-an ló tà á ní ogún fàdákà. Mo ṣàlàyé ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2000, pé tí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 18, kò dìgbà tí wọ́n bá tàn án tàbí tí wọ́n fipá mú un kó tó di òwò ènìyàn. Kíkó o lọ láti lò ó nílòkulò ti tó. "Òun fúnra rẹ̀ ló gbà" kì í ṣe àwíjàre.

Mo wá pín ìwé kan tí mo kọ bí àtẹ̀jíṣẹ́ ìfilọni-iṣẹ́ òkè òkun, mo ní kí wọ́n fàlà sí ibi tó bá kọ wọ́n lóminú. Ọmọbìnrin kan fa bírò pupa sábẹ́ "má tíì sọ fún àwọn òbí ẹ" títí ìwé fi ya. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í bá yọ fóònù rẹ̀. Gbólóhùn yẹn gan-an wà níbẹ̀. Wọ́n ti ní kó fi fọ́tò ìwé ìrìnnà rẹ̀ ránṣẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò tíì fi ránṣẹ́. A kò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, a kò sì bá ẹni náà jà lórí fóònù; àwa àtàwọn òbí rẹ̀ la jọ gbé e lọ fún ọlọ́pàá.

Ká ní mo mọ̀ ni, ọ̀dọ̀ arábìnrin yẹn ni mi ò bá kọ́kọ́ lọ, kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Mi ò bá má sì yàwòrán ẹ̀wọ̀n sí pósítà. Ọmọkùnrin náà ní ojoojúmọ́ lòun ń rí i lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, òun kò mọ̀ pé òun ni à ń bá wí. Èyí tí a máa tẹ̀ báyìí, àtẹ̀jíṣẹ́ ló máa wà lójú rẹ̀, kò sì ní ní déètì.