Lúùpù tí kò dúró, àti ₦45,000 tí mo san

Inú ṣì ń bí mi. ₦45,000 ni mo kó fún ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìlọrin níbí, tí wọ́n ní àwọn yóò kọ́ wa bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yanjú ìṣòro. Ìwé pélébé ni wọ́n pín, pé ká máa da á kọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa dára o. Ẹ bu omi gbígbóná kalẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sọ bí yóò ṣe gbóná tó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Òfin Newton ni: bí omi bá ṣe gbóná ju yàrá lọ tó ni yóò ṣe máa yára tutù tó. Python, èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kò le. Thonny, ibi tí a ti ń kọ Python, ni kí ẹ wá, ọ̀fẹ́ ni, Python wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀ tán kì í béèrè dátà mọ́.

Ibi tó ti dá mi lóró nìyí. Ìwé wọn ní ká kọ lúùpù, ìyẹn àṣẹ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe: kí àkókò, tí a pè ní t, bẹ̀rẹ̀ láti 0, kí a máa fi ìṣẹ́jú 0.1 kún un, `while t != 10`, ìyẹn ni pé kó máa lọ títí yóò fi pé 10 gẹ́lẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dúró. Nọ́ńbà ń ya lọ lójú kọ̀ǹpútà, bátìrì ń lọ sílẹ̀, kò sì síná ní Tanke, àdúgbò wa. Mo pe ọ̀gá tó kọ́ wa.

"O ṣì í tẹ̀ ni. Lọ tún un tẹ̀."

"Mo ti tún un tẹ̀, sà."

"Tún un tẹ̀ sí i."

N kò ṣì í tẹ̀! Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni mo fi wé ti ìwé wọn.

Thonny ló tú àṣírí. Ó níbi tó ti ń fi iye t hàn bí ètò ṣe ń rìn níkọ̀ọ̀kan. Níbi tó yẹ kí t ti di 10, ohun tí mo bá ni 9.99999999999998. Òdo àti oókan nìkan ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà, 0.1 kò sì ṣeé kọ tán bẹ́ẹ̀, bí 1 tí a pín sí 3 kò ṣe ṣeé kọ tán fún àwa náà: 0.333 títí lọ. Ó gé e kù, àṣẹ́kù yẹn wá ń kó jọ. Bí t ṣe fo 10 kọjá nìyẹn, tó ń sáré lọ. Ìwé wọn ló láléébù!

Mo pa ìlà yẹn rẹ́, mo kọ `for i in range(100)`, kó máa fi nọ́ńbà odidi ka ìgbésẹ̀ 100, ìṣẹ́jú 0.1 fún ìkọ̀ọ̀kan. Ó dúró wẹ́rẹ́.

Mo wá gbé tẹmómítà sínú kọ́ọ̀bù. Yàrá wà ní 32 lórí ìwọ̀n Celsius, omi wà ní 90. Láàárín ìṣẹ́jú kan ó já sí 87, ìyẹn 3 nínú ìyàtọ̀ 58, bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye yẹn ni mo fún ètò mi. Nígbà tí ìṣẹ́jú 10 pé, kọ̀ǹpútà ní 67, tẹmómítà ní 69. Ẹ ò mọ bí orí mi ṣe wú! Ìyàtọ̀ 2 yẹn gan-an nídìí: èéfín tó ń jáde lára omi máa ń kó ooru lọ, ó sì pọ̀ nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná ju ìgbà tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Bó bá jẹ́ òní ni mo ń bẹ̀rẹ̀, bírò ni n ó kọ́kọ́ fi ṣe ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kí n tó gbé e fún kọ̀ǹpútà. Kí n tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, n ó ní kó yí nọ́ńbà kan padà nínú ètò níwájú mi, kó sọ ohun tí yóò jáde kó tó tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá lè sọ ọ́, kọ́bọ̀ mi kò ní kan ọwọ́ rẹ̀.