Windows 10 àbí 11? Ẹ wo inú láptọ́ọ̀pù yín kẹ́ ẹ tó dáhùn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan ládùúgbò wa níbí ní Lágéré n'Ílé-Ifẹ̀, ọmọ OAU ni, gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní Windows 10 ti kú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi 11 sí i." Windows ni ètò Microsoft tó ń darí kọ̀ǹpútà, 11 ló tẹ̀ lé 10. Mo ní kó jókòó ná.

10 ò tíì kú o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé látọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft ò ṣàtúnṣe ọ̀fẹ́ fún un bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àtúnṣe tó ń dí ihò táwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé ni mò ń sọ. Ẹ̀rọ yín á ṣì tàn, Word á ṣì ṣí, fíìmù á ṣì máa lọ. Àmọ́ ilé tẹ́nikẹ́ni ò tún ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣe mọ́ ni, ẹni tó bá sì ń fi kọ̀ǹpútà wọ báǹkì, kó yáa wá nǹkan ṣe sí i.

Ọjọ́ orí ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ msinfo32, ẹ tẹ Enter. Níwájú Processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, ẹ máa rí nǹkan bíi i5-6300U àbí i5-8250U, nọ́ńbà tó ṣáájú lẹ́yìn ìlà kékeré yẹn ló ń sọ ìran tó jẹ́, 6 jẹ́ ìran kẹfà, 8 jẹ́ ìran kẹjọ, i5-10210U sì jẹ́ ìran kẹwàá. Láti ìran kẹjọ lọ sókè ni Windows 11 sábà máa ń gbà tó bá jẹ́ Intel. Tọmọ yìí ńkọ́? 6300U! Ẹni tó tà á fún un sì ní "ó ṣì tuntun", tuntun tó ti wà láyé láti 2015.

Lójú ibì kan náà yẹn, ẹ wo BIOS Mode (BIOS ni ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé), UEFI, ìyẹn irú rẹ̀ tuntun, ló yẹ kó wà ńbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tún tẹ Windows àti R, ẹ kọ tpm.msc, ẹ wá 2.0 níbẹ̀. TPM ni ohun tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò nínú ẹ̀rọ. Tó bá ní òun ò rí TPM kankan, ẹ má tíì sunkún, ó lè jẹ́ pé wọ́n pa á nínú BIOS ni, orúkọ tí Intel ń pè é ńbẹ̀ ni PTT, AMD ń pè é ní fTPM, ẹ tàn án, ó parí.

Microsoft ní 4GB RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, tó fún 11. Láì parọ́, ìyà ni, ẹ jẹ́ ó tó 8GB.

Ní báyìí, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù rè é. Èmi náà ti fi agbára ki 11 bọ inú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ màmá mi rí, torí ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí tí wọ́n ń dá sí i wà káàkiri, hard disk àtijọ́ tó ń yí ló sì wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, tí màmá mi bá tàn án, wọ́n á lọ ro àmàlà, wọ́n á bu ọbẹ̀ sí i, wọ́n á padà dé kí wọ́n bá a níbi tó ti ń yí róbótó. Mo ṣí Task Manager tó ń fi iṣẹ́ ẹ̀rọ hàn, Disk wà ní 100%, ó kọ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó tún wá dùn mí ni pé Microsoft fúnra wọn ní àwọn ò ṣèlérí àtúnṣe fún ẹ̀rọ tí wọ́n bá fipá fi 11 sí, ìdí tí mo fi ṣe é gan-an sì nìyẹn. Mo dá 10 padà, mo ra SSD 256GB, dísìkì ayára tí ò ní ohun tó ń yí nínú, mo tú ìdí ẹ̀rọ, mo pààrọ̀ ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ka ení dé ogún, ó ti tàn. Torí náà, kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí Windows kankan, ẹ ra SSD.

Tẹ́rọ yín bá yege, ẹ lọ sí 11 jàre, ọ̀fẹ́ ni látinú Windows Update. Ẹ kó fáìlì yín sórí nǹkan míì ná, kí bátìrì kún dáadáa kí NEPA má bàa ṣe yín bó ṣe máa ń ṣe, kẹ́ ẹ sì fi dátà òru gbà á torí ó tóbi gan-an. Tí ò bá wù yín, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ ní láti padà sí 10, Settings, System, Recovery, Go back.

Tí ò bá yege, ẹ dúró sórí 10 kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lójú Windows Update fún ESU, ìyẹn àfikún àtúnṣe ààbò tí Microsoft ń ṣe fún 10, àtúnṣe ààbò á máa wọlé títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026. $30 ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé tẹ́ ẹ sì gbà kó máa tọ́jú Settings yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ míì tó lè rọ́pò Windows, ni màá ní kẹ́ ẹ gbìyànjú, ẹ lè tàn án látorí flash láì fọwọ́ kan nǹkan tó wà nínú ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ iṣẹ́ jáde ní Mayfair níbí n'Ífẹ̀, PDF ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kí lẹ́tà má bàa tú ká nínú Word tiwọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lórí Windows 7, Microsoft ti fi yín sílẹ̀ láti oṣù kìíní 2020, Chrome náà lọ ní 2023. Ẹ dìde.

Ọmọ yẹn gbà, a fi SSD sí i, a fi 10 sílẹ̀, a ṣe ESU. Ó wá ń wo ojú ẹ̀rọ, inú ẹ̀ ò dùn tán, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun á mọ̀ pé kì í ṣe 11. Mo bá a gbé àwòrán aláwọ̀ búlúù 11 sójú ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e lọ.