Ẹ Jẹ́ Kí Fóònù Yín Gbàgbé Orúkọ Àtijọ́: Ìtọ́sọ́nà Lórí Wáìfáì 5 GHz

Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti bá yín ra ráútà ọlọ́nà méjì, ẹjọ́ kan náà ni mò ń gbọ́ káàkiri: "Ẹ̀rọ tuntun yìí ò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Mo ti wọ ilé 11 lára àwọn ilé yín. Nínú 9, ráútà ò jẹ̀bi. Fóònù ló ṣì ń gba ojú ọ̀nà àtijọ́.

Mi ò ní í sọ bí a ṣe ń ki wáyà bọ̀ ọ́ àti bí a ṣe ń tàn án. Ẹ mọ ìyẹn. Ọ̀nà méjì tí ráútà náà ní rèé: ọ̀nà 2.4 GHz ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá, àmọ́ ráútà gbogbo àdúgbò, Bluetooth àti máíkírówéèfù ló ń forí gbárí níbẹ̀. Ọ̀nà 5 GHz yá, ààyè sì wà. Fóònù kékeré tó so mọ́ 2.4 ní 72 Mbps (ìwọ̀n bó ṣe yá sí) lè so mọ́ 5 GHz ní 433. Kì í ṣe 5G ti síìmù o! Ẹnì kan ti lọ ra síìmù tuntun nítorí èyí.

Ẹ ṣí búráúsà, kí ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ráútà: 192.168.0.1, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1 ni ó sábà máa ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwọlé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ lọ sí Wireless tàbí WLAN. Bí ẹ bá rí Smart Connect, ẹ pa á. Òun ló ń fi orúkọ kan ṣoṣo bo ọ̀nà méjèèjì. Orúkọ méjì á yọ.

Ẹ má fọwọ́ kan orúkọ 2.4. Ẹ fi fífẹ̀ rẹ̀ sí 20 MHz, kí channel rẹ̀ (ìlà kékeré inú ọ̀nà náà tí ráútà ń lò) jẹ́ 1, 6 tàbí 11, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. 5 GHz ni kí ẹ sọ ní orúkọ tuntun, bíi "Ile-5". Channel 36, 40, 44 tàbí 48, fífẹ̀ rẹ̀, 80 MHz, ààbò, WPA2. Ẹ tẹ Save.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má fọwọ́ kan 2.4 rèé: ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ilé adìyẹ ò mọ ọ̀nà mìíràn. Ọmọ ẹgbẹ́ kan yí orúkọ méjèèjì pa dà lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Kámẹ́rà rẹ̀ ò rí nǹkan kan fún ọjọ́ 4. Ìgbà tó fi máa mọ̀, àwọn olè ti kó adìyẹ lọ.

Ibi tí ẹ ti ń kùnà ló kù yìí. Orúkọ àtijọ́ ṣì wà, fóònù sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé báyìí, ó ti pa dà sídìí rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ni yóò sì jókòó sí kódà bí ẹ bá wọlé pa dà. Ẹ lọ sí Settings, Wi-Fi, ẹ tẹ orúkọ àtijọ́, kí ẹ yan Forget. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wọ "Ile-5". Fóònù bàbá, fóònù ìyá, tàwọn ọmọ, kọ̀ǹpútà alágbèéká, tẹlifíṣọ̀n: gbogbo rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti sọ èyí nínú ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ sì ń mi orí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ tẹ orúkọ wáìfáì náà, ẹ ó rí Frequency: 5 GHz. Lórí Windows, ẹ wo Network band nínú Properties. Bí fóònù kan ò bá rí "Ile-5" rárá, tí ti ẹlòmíì sì ń rí i ní yàrá kan náà, fóònù náà ò ní 5 GHz. Ẹ má bá a jà. Ẹ dá a pa dà sí 2.4.

Ògiri bulọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ni kó wà láàárín ráútà àti ẹni tó ń lò ó. Ẹ gbé e sókè tó mítà 1.5, láàárín ilé. Ẹ̀yin tí ẹ tì í sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n kí àlejò má bàa rí i, ẹ yọ ọ́ síta. Ní ti ilé adìyẹ onípáànù, ẹ má retí 5 GHz níbẹ̀.

Ẹni tó bá fi channel sí Auto lè bá ara rẹ̀ lórí 52 sí 144, níbi tí ráútà ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́tí sí rédà (irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ojú ọjọ́) fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán, kó tó sọ̀rọ̀. Bí iná bá lọ tó sì dé, tí "Ile-5" ò tíì yọ, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 3 kí ẹ tó pè mí.